Títọ́ Ọmọ Tí Kò Ní Í Tijú Àwọ̀ Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ọmọ ọdún mẹ́ta ti mọ̀ pé àwọ̀ òun kò bá ti ẹni tó jókòó tì í ní nọ́sìrì mu. Ohun tí ayé ń sọ nípa àwọ̀ náà ni kò tíì mọ̀, kò sì ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1940 sí 1950, tọkọtaya onímọ̀ kan, Kenneth Clark àti Mamie Clark, gbé ọmọláńgidi dúdú àti funfun síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn ọmọláńgidi yìí ju àwọ̀ lọ. Èwo ló dára? Èwo ni kò dára? Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ní funfun ló dára, wọ́n nàka sí dúdú pé òun ni kò dára. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ló jọ wọ́n, àwọn kan bú sẹ́kún. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí lọ́dún 1954, nígbà tó ní yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kò bófin mu.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Akyaaba Addai-Sebo, ọmọ Ghana tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọmọkùnrin òun bi òun léèrè pé kí ló dé tí òun kò fi lè jẹ́ funfun. Orúkọ Marcus Garvey, ọmọ Jamaica tó jà fún iyì àwọn ènìyàn dúdú, ni obìnrin yìí fi sọ ọmọ ọ̀hún o. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó mú kí Addai-Sebo dá oṣù ìtàn àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1987, tí à ń ṣe ní gbogbo October títí dòní.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé òbí lè ní ìgbéraga ẹ̀yà ní kíkún kí ó má dé ara ọmọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí ọmọ bá sì ń rí nílé lójoojúmọ́, láìsí ìwàásù, ni yóò dì mú nígbà tí wọ́n bá bú u níta. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ má ti àárín bẹ̀rẹ̀. Ọmọ nọ́sìrì títí dé ọmọ tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣọ́ ẹnu tiyín

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn máa gbọ́ ohun tí à ń sọ nílé, ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ẹ óò gbọ́ ìyá tó ń pariwo pé, "Kúrò lóòrùn, ṣé o fẹ́ dú ju báyìí lọ ni?" Ẹ óò rí àǹtí tó wá kí ọmọ tuntun, tó jẹ́ pé etí ọmọ ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó lè mọ bí yóò ṣe pupa tó. Ẹ̀gbọ́n á ní àbúrò dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á máa pe ọmọ kan ní "yẹ́lò mi", èyí tó dúdú á jókòó tì wọ́n, kò ní orúkọ kankan. Kò sí òyìnbó kankan nínú ilé yìí. Àwa la ń kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ìyìn kò wọ́n lẹ́nu Yorùbá: adúmáadán wà, à ń sọ pé ènìyàn dú bí kóró iṣin, ìdílé sì wà tó ń jẹ́ Dúdúyẹmí. Ẹni tó pupa náà ní apọ́nbéporẹ́ tirẹ̀. Bí àwọ̀ àwọn ọmọ yín kò bá dọ́gba, kí oníkálùkù ní ìyìn tirẹ̀, kí ẹ má fi ti ọ̀kan bú èkejì. Ẹ sọ fún àwọn àlejò náà. Ó ṣòro láti dá àǹtí àgbà lẹ́kun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ẹ̀rín sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, adúmáadán mi nìyẹn o, ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan balùwẹ̀. Ọmọ tó ń rí i tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń fi ìpara bóra kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé àwọ̀ tó dára jù fún un. Yàtọ̀ sí èyí, òfin Ìlú Ọba kò gbà kí hydroquinone wà nínú ìpara tí à ń rà lórí káńtà; dókítà ló ń kọ ọ́ fúnni. Èyí tí wọ́n bá tà fún yín lábẹ́ tábìlì ní ọjà, ẹ jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ kejì: irun

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, kò sì ṣe é sá fún. Bí ọmọ bá ń sunkún ní gbogbo Sátidé tí ẹ bá ti mú òòyà, ohun tó ń kọ́ ni pé ìyà ni orí òun. Kì í ṣe irun ló burú, bí a ṣe ń yà á ni.

Ẹ má ya irun gbígbẹ láéláé. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò tó ń fọ́n omi, ẹ fọ́n ọn sí irun títí yóò fi rin, kí ẹ fi kọndíṣọ́nà tàbí òrí díẹ̀ pa á. Ẹ pín orí sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ ká mẹ́ta pọ̀, kí ẹ mú ọ̀kan ṣe. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tú ibi tó bá ta kókó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, ẹ fi ọwọ́ kejì di ìdí irun mú kí fífà má bàa dé awọ orí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, kí ẹ máa bọ̀ wá sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ń ti gbogbo kókó jọ sójú kan ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì dì í le jù. Bí ọmọ kò bá lè sùn lálẹ́ ọjọ́ tó dirun, tàbí tí rorẹ́ kéékèèké bá yọ sí iwájú orí rẹ̀, ó ti le jù nìyẹn, bó bá sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, iwájú orí á máa pá.

Ohun tí ẹ ń sọ nígbà tó wà láàárín orúnkún yín ṣe pàtàkì bí omi àti òrí. "Irun yìí mà le o, ó ti sú mi" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín, kódà lọ́jọ́ tó bá sú yín lóòótọ́. Ẹ sọ pé ó kún, pé ó gba ṣùkú dáadáa. Ẹ fi fọ́tò ìyá yín tó fi òwú kó irun hàn án. Ẹ kọ́ ọ ní orúkọ irun: ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kòròbà, ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀, kí ó yan èyí tó wù ú fún ọ̀sẹ̀ náà. Yíyàn yẹn ló ń sọ irun di tirẹ̀.

Ẹ má fo ọkùnrin. Onígbàjámọ̀ dúdú tó mọ irun wa, tí àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ń kọ́ ọmọkùnrin ní ohun tí bàbá kan ṣoṣo kò lè dá kọ́ ọ. Ní ti rílásà, èrò tèmi ni pé kí ẹ pa á tì títí ọmọbìnrin náà yóò fi dàgbà tó láti yàn fúnra rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn á ní irun dídì kò bá ìmúra àwọn mu. Ẹ má tú irun náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n fi òfin ọ̀hún hàn yín ní kíkọ sílẹ̀. Ní October 2022, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Equality and Human Rights Commission, gbé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kíka irun áfúrò, irun dídì tàbí kọ́ńróò léèwọ̀ láìsí àyè ìyọ̀ǹda nítorí ẹ̀yà ṣeé ṣe kó tako òfin Equality Act ọdún 2010. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ mú un dání lọ. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ohùn wọn ṣe ń rọ̀ nígbà tí ìwé bá wà lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orúkọ àti oríkì

Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní September, ẹ ka orúkọ ọmọ sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ègé-ègé: Tè-mi-tọ́-pẹ́. Ohùn rẹ̀ kò ní í gún régé lẹ́nu òyìnbó, ìyẹn kò burú. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí olùkọ́ rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo kíláàsì pé òun kò lè pe èyí, kó wá fún ọmọ ní orúkọ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ gé e kúrú, ẹ̀yin ni kí ẹ gé e: Tọ́pẹ́, Tóbi, Ṣadé. Kí ọmọ máa dá ara rẹ̀ pè nílé ketekete, kó sì mọ ìtàn tó bí orúkọ náà, ta ló sọ ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé lọ́dún yẹn.

Láàárọ̀, kó tó wọ bàtà, ẹ kì í. Àlàbí, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀ní, kó jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó gbọ́ kó tó jáde. Bí ẹ bá mọ oríkì orílẹ̀ yín, ẹ fi ìlà méjì kún un. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ìyá àgbà lórí WhatsApp kó kì í, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé òrìṣà wà nínú oríkì. Ẹ mú ìlà tí ọkàn yín gbà, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tí ojú rẹ̀ ń rí

Ẹ fún ọmọ ní ìwé àti kíráyọ́ọ̀nù, ẹ ní kó ya ara rẹ̀. Bó bá fi èyí tó dà bí àwọ̀ òyìnbó kun ojú, ẹ má bá a wí, ẹ má sì kígbe. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ya ara yín náà. Ẹ fi bíráùn sábẹ́, ẹ fi pupa díẹ̀ lé e, ẹ fi yẹ́lò díẹ̀ kún un, kí ẹ gbé apá yín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé láti wò ó bóyá ó ti bá a mu. Òun náà á fẹ́ gbé apá tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ fi àwòrán méjèèjì pamọ́. Ìwé ìtàn àti ọmọláńgidi kò le: kí àwọn tó jọ ọ́ pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n sì máa ṣe eré, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa dẹ́ṣẹ̀ kéékèèké bí ọmọ gbogbo. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìyà nìkan ni ọmọ dúdú ti ń hàn, ọmọ yóò sá fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni. Orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ wà lára ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó lọ kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n gbé e síta. Ó wà lára àwọn orí tí wọ́n bá pàdé lágboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ó sì ti lé ní bíi 600 ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ gbé ọmọ sókè kó wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀, kó wo imú, kó wo ètè. Kí ẹ bi í pé, "Ta ló jọ?" Ẹ dúró kó fúnra rẹ̀ dáhùn. Wọ́n a máa sọ pé ó jọ ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn kan.

Fún ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, ẹ fi èyí kún un. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Ó rí irú iṣẹ́ ọnà yìí, kò sì gbà pé àwọn babańlá àwọn tó bá níbẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àjẹkù Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní ó rì sómi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ìdí tí ènìyàn yóò fi fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kó má gbà á. Ìdáhùn tó bá wá yóò yà yín lẹ́nu, yóò sì wúlò fún un ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń ti oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ ìtàn ènìyàn dúdú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Ifẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ẹrú bá kàn, ẹ ní ìtàn Àjàyí ọmọ Òṣogùn. Ogun abẹ́lé kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n tà á títí dé ọwọ́ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Ìlú Ọba gbà á lójú òkun lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Lọ́dún 1864, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, níbi tí ẹ lè fi ọkọ̀ ojú irin dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bíi wákàtí kan. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ẹ má fi pamọ́ fún ọmọ pé ará ilé wà lára àwọn tó kó o. Bópẹ́bóyá yóò kà á níbòmíràn, ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí wọ́n bá bú u

Ọmọ á délé, á ju báàgì sílẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ọmọ kan ní àwọ̀ mi dà bí ìgbẹ́." Ìdáhùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀: "Kí lo ṣe fún un?" tàbí "Má dá a lóhùn, ìwé rẹ ni kó o kọjú mọ́," tàbí "Ìwọ náà gbá a létí lọ́la." Ti àkọ́kọ́ sọ ọmọ di ọ̀daràn, ti kejì fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ti kẹta á sì jẹ́ kí òun gan-an ni wọ́n lé kúrò ní kíláàsì.

Ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ dọ́gba. "Ó dùn ọ́, àbí? Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ fún un pé ohun tí ọmọ yẹn sọ burú, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ tiyín, kò sì sí ohun tó ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ẹ má sunkún níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá bínú, ẹ lè jẹ́ kó rí i pé ẹ bínú, ṣùgbọ́n kó rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ẹ fi ṣeré. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀ébú, kí ọmọ dúró gbọnrangandan, kó wò yín lójú, kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo lédè Òyìnbó tí ẹ ti jọ yàn, kó yí padà, kó lọ bá olùkọ́. Gbólóhùn náà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ tún un ṣe títí ohùn rẹ̀ kò fi ní gbọ̀n mọ́. Ẹ fi ti ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀ kún un, nítorí ìyẹn ni yóò kọ́kọ́ lò jù.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí olùkọ́. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò ṣe, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ tí ẹ óò gbọ́ èsì. Bí olùkọ́ bá ní "ọmọdé ni wọ́n, wọn ò mọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ", ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí ti ọ̀gá kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, alága ìgbìmọ̀ àwọn gómìnà ilé ẹ̀kọ́ ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ilẹ̀ England, ó kan Department for Education, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́. Equality Act ọdún 2010 de ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má fi ìbínú kọ̀wé, ẹ má sì halẹ̀: lẹ́tà tó ní ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ gan-an nínú ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Èyí tó bá sì jáde níbẹ̀, ẹ padà wá sọ fún ọmọ, kó mọ̀ pé ẹ jà fún òun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀rọ̀ "ìlọ́po méjì"

Gbogbo wa la ti sọ ọ́ fún ọmọ pé kó ṣe ìlọ́po méjì ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ òyìnbó ń ṣe. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Caribbean ni wọ́n kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò gbé ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá gbọ́ ìlọ́po méjì lójoojúmọ́ yóò rò pé òun kò tó nǹkan bí òun kò bá gbégbá orókè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ di sẹ́kọ́ńdìrì, kí ẹ̀yin fúnra yín jà níwájú olùkọ́: ẹ béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ọmọ yín sí nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, àti ohun tó kù kó tó lọ sókè.

Ìgbésẹ̀ keje: kó má dá nìkan wà

Láti àwọn ọdún 1950, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, ni àwọn òbí wọn, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n tún ń ṣiṣẹ́, kó lé àwọn ìdílé òyìnbó lọ́wọ́ láti bá wọn tọ́, nígbà mìíràn nípasẹ̀ ìpolówó inú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ wọn dàgbà sí ìlú kéékèèké níbi tí àwọn nìkan ti jẹ́ dúdú, àwọn kan sì ti ròyìn gbangba bí wọ́n ṣe gbìyànjú láti fọ àwọ̀ náà kúrò. Bí ẹ bá ń gbé níbi tí dúdú kò pọ̀ sí, ẹ wá ibi tí ọmọ yóò ti máa rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí, ẹgbẹ́ ìlú tàbí kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé, kódà bó bá gba pé kí ẹ wakọ̀ jìnnà.

Kí ẹ má sì kọ́ ọ láti kórìíra dúdú mìíràn. Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn "Jàmó", ìyẹn àwọn ará Jamaica, kò lẹ́kọ̀ọ́ ń pa ọmọ lára, nítorí pé lójú ẹni tó ń bú u, kò sí ìyàtọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ sílé, ẹ pe àwọn ará ilé ṣáájú. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní dúdú ní Leeds á dé Abẹ́òkúta, wọ́n á máa pè é ní òyìnbó, wọ́n á máa fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Àwàdà ni lójú wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dín in kù, ẹ sọ fún ọmọ náà pé yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì wá ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa mú un kiri.

Ìgbà tó bá ju agbára ilé lọ

Bí ọmọ bá ń fi kànrìnkàn ha ara rẹ̀ láti fọ àwọ̀ kúrò, bó bá ń fi páúdà tàbí ìpara yín kun ara láti funfun, bí inú bá ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí kì í run ún ní Sátidé, tàbí tó ń sọ pé òun ì bá má wà láyé, ẹ má fi àdúrà nìkan dúró. Ẹ lọ rí dókítà àdúgbò, GP, kí ẹ sọ ọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Èyí tó ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láyé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ti pa ara rẹ̀ lára, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni. Fún èyí tó kù, ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i sórí ìwé kékeré kan kí ẹ tó lọ, nítorí àkókò tí dókítà ní fún yín kò pọ̀, kí ẹ sì fún un ní ìwé náà kó fi sínú fáìlì ọmọ.